Òórùn Jíjó Lábẹ́ Ìjókòó Ẹ̀yìn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Bátìrì Ìjàpá

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi fi Ìjàpá kan sílẹ̀ fún mi, ọ̀kan nínú àwọn Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò lójú ọ̀nà Àgbádárìgì l'Ékòó ní 1975. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ ni. Láti ìgbà náà, bí èèyàn bá jókòó sẹ́yìn tí mo sì já sí kòtò, òórùn irun tó ń jó máa ń gba inú ọkọ̀ kan. Rẹ́wáyà yẹ gbogbo wáyà iwájú wò, kò rí nǹkan kan.

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì gbé ọkọ̀ yẹn jáde. Iwájú kọ́ ni bátìrì Ìjàpá ń gbé, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ni. Yọ ìjókòó náà, dojú rẹ̀ dé, kí o wo sípíríǹgì rẹ̀. Wàá rí ibi tó ti dúdú, bóyá tó tiẹ̀ ti yọ́ díẹ̀.

Irin ni sípíríǹgì, ara ọkọ̀ ló sì fara tì, ara ọkọ̀ sì ni áàtì, ìyẹn ibi tí wọ́n de wáyà nẹ́gẹ́tíìfù mọ́. Bí ẹni tó sanra bá jókòó, tí kòtò gbé e sókè tó tún sọ ọ́ kalẹ̀, sípíríǹgì á kan orí pọ́sítíìfù. Iná tó máa gba ibẹ̀ kọjá pọ̀ débi pé irin yẹn á pọ́n fòò lójú ẹsẹ̀, kò sì sí fíúsì kankan láàárín tó máa já. Ohun tí wọ́n ki sínú ìjókòó ló ń rùn sí ọ yẹn. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá ló ti jóná báyìí, tẹni tẹni nínú ọkọ̀.

Ìbéèrè: Háà! Bátìrì 75Ah ni wọ́n tà fún mi o, wọ́n ní òun ló lágbára jù.

Ìdáhùn: Ó lágbára lóòótọ́, àmọ́ ó ga jù fún ibẹ̀. 12 volt, 36Ah ni Volkswagen máa ń fi sínú irú rẹ̀ nígbà náà (Ah ni òdiwọ̀n iná tí bátìrì lè kó pamọ́), 45Ah sì ti tó ọ tán. Èyí tí orí rẹ̀ rì wọlé ni kí o béèrè, kì í ṣe èyí tí orí rẹ̀ yọ gọngọ. (Ẹni tí Ìjàpá tirẹ̀ bá ti ṣáájú 1967 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, torí 6 volt ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò.)

Kí o tó gbà pé bátìrì kan wọ̀, tú wáyà méjèèjì kúrò lórí rẹ̀. Fi ọ̀rá wé ẹ̀bà tútù tó tó ìkúùkù, gbé e lé orí pọ́sítíìfù, dá ìjókòó padà, kí ẹni tó wúwo jù nínú ilé wá jókòó lé e, kó jan ìdí mọ́lẹ̀ dáadáa. Yọ ìjókòó, kí o wo ohun tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀bà. Bí kò bá nípọn tó ìbú ìka méjì, dá bátìrì yẹn padà fún ẹni tó tà á. Ẹ̀bà yẹn kò ṣeé jẹ mọ́ o, òjé ló fara kàn.

Ìbéèrè: Rọ́bà túúbù ni mẹkáníìkì fi dè é mọ́lẹ̀. Ṣé ìyẹn náà kò dáa?

Ìdáhùn: Kò dáa rárá, èmi sì rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà jù. Túúbù ń nà. Bátìrì tó kéré gan-an tí kò jókòó jẹ́ẹ́ ṣì lè fò lọ bá sípíríǹgì. Wo ilẹ̀ ibẹ̀: irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo mú, tó máa ń tẹ ètè ìsàlẹ̀ bátìrì mọ́lẹ̀. Sípánà 13 ló sábà máa ń tú u. Bátìrì tí kò bá ní ètè nísàlẹ̀, okùn pẹlẹbẹ oníbọ́kù, irú èyí tí wọ́n fi ń de ẹrù mọ́ ọkọ̀, ni kí o lò. Má ṣe gbé ọ̀pá irin gba orí rẹ̀ kọjá.

Bí o bá gbé bátìrì kúrò, fi sukurudíráfà gún ilẹ̀ ibẹ̀ káàkiri. Ásíìdì máa ń jẹ ẹ́ láìjẹ́ kéèyàn mọ̀, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Bó bá wọlé, ọ̀dọ̀ jórinjórin ló kàn, bátìrì kò sì gbọdọ̀ sí nínú ọkọ̀ nígbà tó bá ń jó o. Bí kò bá tíì jẹrà, da omi káún sí i títí kò fi hó mọ́, fi omi ṣàn án, jẹ́ kó gbẹ, kí o kùn ún.

Ìbéèrè: Wáyà wo ni kí n kọ́kọ́ tú?

Ìdáhùn: Áàtì, ìyẹn nẹ́gẹ́tíìfù. Òun náà ni kí o dè kẹ́yìn. Bí áàtì bá ti kúrò, sípánà tó wà lórí pọ́sítíìfù lè kan ara ọkọ̀, kò ní ṣẹ́ná. Bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ rẹ.

Ìbéèrè: Bátìrì tuntun wọlé, síbẹ̀ sítátà ń yí bí ẹni tí kò jẹun.

Ìdáhùn: Wọ abẹ́ ọkọ̀. Áàtì oníwáyà híhun kan wà tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ara ọkọ̀. Bó bá ti dípẹtà tàbí tó ti já díẹ̀díẹ̀, bátìrì wo lo fẹ́ rà tó máa ràn án lọ́wọ́? Há ibi tó ti kanra mọ́ irin títí yóò fi dán.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbé mítà lé bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́, 12.6 volt ló yẹ kó kà. Bó bá ń ṣiṣẹ́, tí o sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, 13.8 sí 14.4. Bí kò bá gòkè, lọ wo dáínámò tó ń ṣe iná àti régúlétọ̀ tó ń díwọ̀n rẹ̀. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn kan náà ni régúlétọ̀ wà, lọ́wọ́ òsì.

Ìbéèrè: Ìdérí bátìrì ti sọnù. Ṣé mo lè fi páálí bò ó?

Ìdáhùn: Rárá, páálí ń fa ásíìdì mu, ó sì ń jó. Gé ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì tó le, tẹ̀ ẹ́ bo orí méjèèjì, kí o lu ihò díẹ̀ sí i kí gáàsì rí ọ̀nà jáde, lẹ́yìn náà kí o fi okùn dè é kó má baà yọ̀ kúrò.