Bí A Ṣe Ń Wọ Aago Olówó Ńlá Lójoojúmọ́ Láìjẹ́ Kí Àpá Ara Rẹ̀ Gba Oorun Lójú Ẹni

Inú àpótí ni ọ̀pọ̀ aago olówó ńlá ti ń lo ayé rẹ̀. Ẹni tó rà á á máa rìn kiri pẹ̀lú ọwọ́ lásán, nítorí ẹ̀rù ń bà á kí ó má ha. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú àwọn aago yìí fún. Nígbà tí ilé iṣẹ́ aago tó ń jẹ́ Jaeger-LeCoultre lónìí gbé aago Reverso jáde ní 1931, torí àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbá póòlò lórí ẹṣin ní Íńdíà ni. Gíláàsì aago wọn ń fọ́ lórí pápá, ni wọ́n bá ṣe aago tí a lè yí ojú rẹ̀ sínú, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó jẹ́ irin máa gba ìkọlù. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé ẹ̀yìn náà yóò ha. Ohun tó tìtorí ẹ̀ wà níbẹ̀ nìyẹn.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń wọ irú aago bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, àpá tó yẹ kí a gbójú fò, àti ìpalára tó yẹ kí a sáré lé. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn á máa ṣọ́ ìlà tín-ín-rín lára irin, nígbà tí omi ti ń yọ́ wọnú ẹ̀rọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é

Ohun tó bá le ju nǹkan lọ ló ń ha á. Àwọn onímọ̀ òkúta ní òṣùwọ̀n líle kan tí wọ́n ń pè ní Mohs, láti 1 dé 10. Dáyámọ́ǹdì ló wà ní 10. Gíláàsì sàfáyà tó wà lójú ọ̀pọ̀ aago òde òní wà ní 9. Quartz, tó pọ̀ jù nínú yanrìn, wà ní 7. Irin aago kò tó yanrìn ní líle. Ìdí nìyẹn tí eruku orí tábìlì lásán fi lè fa ìlà sára ẹ̀wọ̀n aago, tí ojú gíláàsì á sì wà bó ṣe wà. Bí ẹ bá rí ìlà lójú gíláàsì sàfáyà, ẹ fara balẹ̀ wò ó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń kun ojú òde gíláàsì pẹ̀lú nǹkan fẹ́lẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa ta padà lójú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìkun yẹn ló ha, kì í ṣe gíláàsì.

Irin tí kì í dípẹtà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò ni 316L. Rolex ń lo 904L. Àwọn kan rò pé 904L kì í ha. Irọ́ ni. Iyọ̀ àti òógùn ni kì í tètè jẹ ẹ́. Àpá rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti èkejì. Wúrà kárátì 18, tí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ wúrà gidi, rọ̀ ju irin lọ, ó sì ń tètè tẹ̀ wọnú bí ó bá forí gbá nǹkan. Titanium fúyẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àpá máa ń hàn lára rẹ̀ kíá. Seramíìkì, tí Rado ti ń fi ṣe aago láti 1986, fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ha rárá. Àmọ́ bí ó bá já bọ́ sórí ilẹ̀ líle, ó lè là tàbí kí ó fọ́, kò sì sí pọ́líìṣì fún ohun tó fọ́. Kò sí èyí tó yọ pátápátá nínú wọn.

Gíláàsì oníke tiẹ̀ wà tí à ń pè ní Hesalite. Òun ló wà lójú Omega Speedmaster tí Buzz Aldrin wọ̀ nínú òṣùpá ní 1969. Ó ń tètè ha, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbá a, kì í fọ́ wẹ́wẹ́ ká gbogbo ibi, ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú nìyẹn. Ìpara tí a fi ń dán ike díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ ti tó láti pa àpá ojú rẹ̀ rẹ́. Ẹ máa ṣe é fúnra yín nílé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ gbé e dé

Ẹ bó gbogbo ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́. Àwọn kan máa ń fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Òógùn àti ìdọ̀tí á wá sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa jẹ irin náà jẹ́jẹ́. Ohun tí ẹ fi ń dáàbò bò ó ti di ohun tó ń bà á jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ẹ̀ka ẹ̀wọ̀n tó bá pọ̀ jù. Mo ka èyí sí ju ohun tí àwọn ènìyàn ń kà á sí lọ. Aago tó tú lọ́wọ́ á máa yí káàkiri, á máa lu férémù ilẹ̀kùn, á máa lu etí tábìlì. Èyí tó bá ọwọ́ mu á jókòó sí ẹ̀yìn eegun ọrùn ọwọ́, kò ní gun orí eegun náà. Kí ààyè díẹ̀ ṣẹ́ kù, nítorí ọwọ́ máa ń wú nígbà ooru. Ọwọ́ tí ẹ kì í fi ṣiṣẹ́ ni kí ẹ so ó mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ràn ẹ̀gbà ọwọ́ onírin tàbí onílẹ̀kẹ̀, ẹ gbé e sí ọwọ́ kejì, torí kò sí ohun tó ń ha ẹ̀gbẹ́ aago tó o.

Ibi ìdè ẹ̀wọ̀n ni àpá àkọ́kọ́ ti sábà máa ń dé, lábẹ́ ọrùn ọwọ́, níbi tó ti ń họra pẹ̀lú tábìlì àti etí kọ̀ǹpútà alágbèéká. Àwọn kan máa ń fọwọ́ ara wọn ha aago tuntun kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Mi ò rí ọgbọ́n níbẹ̀. Kí ẹ sáà wọ̀ ọ́, kò ní pẹ́ dé.

Nígbà tó bá dé, òfin kan ṣoṣo ni mo ní: ẹ na ọwọ́ yín síwájú tán, kí ẹ wo aago náà nínú ìmọ́lẹ̀ yàrá. Àpá tí ẹ kò bá rí láti ibẹ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ má fi iná fóònù wá a. Kò sí irin tí ènìyàn ń lò tí iná fóònù kò ní rí ìlà lára rẹ̀. Ojú tó ń kọ mànà ló máa ń fi àpá hàn jù. Èyí tí wọ́n ti fa ìlà wẹ́wẹ́ sí láti ilé iṣẹ́ máa ń bo púpọ̀ mọ́lẹ̀, àfi èyí tó bá fẹ̀gbẹ́ gé ìlà náà kọjá. Bí ẹ kò bá tíì rà, tí ẹ sì mọ̀ pé ọkàn yín kì í gba àpá, irú ojú kejì yìí ni kí ẹ mú.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ bọ́ ọ

Kò pọ̀. Ẹ bọ́ ọ bí ẹ bá fẹ́ lo òòlù tàbí ẹ̀rọ tí a fi ń lu ògiri, nítorí ìjàǹbá ibẹ̀ ń wọnú ẹ̀rọ ju ara irin lọ. Ẹ bọ́ ọ bí ẹ bá fẹ́ gbé irin eré ìdárayá, torí ibi ìdìmú rẹ̀ rí ṣákaṣàka. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọmọ ọwọ́, ẹ bọ́ ọ torí ọmọ, kì í ṣe torí aago. Bí ẹ bá máa ń tẹ kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́, ẹ tẹ́ aṣọ tàbí awọ pẹlẹbẹ sábẹ́ ọrùn ọwọ́, tàbí kí ẹ pààrọ̀ ẹ̀wọ̀n sí bẹ́líìtì awọ tàbí rọ́bà. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó lẹ tépù mọ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ aago kó tó ki irinṣẹ́ bọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni sukudíráfà ti ń yọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé lórí ọwọ́ ni aago ti ní ààbò jù. Nígbà tí a bá bọ́ ọ ló máa ń já bọ́ látẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọwọ́, tí a máa ń jù ú sápò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, tí a máa ń kó o pọ̀ mọ́ aago mìíràn nínú dúrọ́ọ̀ kan náà. Ẹ wá ibi kan ṣoṣo tí ẹ ó máa gbé e sí, kí ẹ tẹ́ aṣọ síbẹ̀, kí ó jìnnà sí etí tábìlì.

Ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀

Eruku àti òógùn tó bá há sáàárín ẹ̀ka ẹ̀wọ̀n á di yanrìn pépà tó ń yún àwọn ìṣó inú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá mi ọwọ́. Bí ẹ̀wọ̀n aago àtijọ́ ṣe ń dẹ̀ nìyẹn. Ẹ rí i pé orí aago tí a ń yí ti wọlé dáadáa, kí ẹ yí i dé òpin bó bá jẹ́ onísúkúrù. Ẹ wá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ tí kò le àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rírọ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Bí ẹ bá wọ inú òkun, omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án lọ́jọ́ náà gan-an. Bẹ́líìtì awọ kò fẹ́ omi.

Mítà 30 tí wọ́n kọ sẹ́yìn aago kò sọ pé kí ẹ bá a lúwẹ̀ẹ́ o. Omi tó bá ta sí ọwọ́ nìkan ló wà fún. Ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, kí ó wá 100 sókè. Àwọn tó ń rì sísàlẹ̀ omi ní òṣùwọ̀n tiwọn, ISO 6425, kò sì gbọdọ̀ dín ní mítà 100. Ẹ má wọ̀ ọ́ wẹ omi gbígbóná. Ooru àti ọṣẹ máa ń ba rọ́bà kékeré tó ń dí omi jẹ́.

Ohun tó yẹ kí ó lé yín sáré

Ìkúùkùu lábẹ́ gíláàsì: ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ aago, ẹ má dúró kí ó gbẹ fúnra rẹ̀, torí bí ojú gíláàsì bá tiẹ̀ mọ́ padà, ọ̀rinrin ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Orí aago tó wọ́, tàbí tó kọ̀ láti wọlé tán. Ohun tó ń dún gbọ́rọgbọ̀rọ nínú rẹ̀. Gíláàsì tó kán létí, bó ti wù kó kéré tó. Ìṣó ẹ̀wọ̀n tó ń yọrí síta, nítorí aago tó bọ́ lọ́wọ́ lójú títì kì í padà wálé.

Òòfà ní tirẹ̀ kì í fi àpá sílẹ̀ rárá. Ó wà nínú ìpamọ́ fóònù, nínú ìdè báàgì, nínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Bí aago onísípíríńgì yín bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré pẹ̀lú ìṣẹ́jú mélòó kan lójúmọ́, òòfà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Oníṣẹ́ aago ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń yọ ọ́ kúrò láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kò sídìí láti tú aago palẹ̀ torí ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó títú lọ́wọ́ yín kó tó yẹ èyí wò.

Ọ̀rọ̀ pọ́líìṣì

Kò sí pọ́líìṣì tó ń dí àpá. Ṣe ni ó ń gé irin tó yí àpá ká lulẹ̀ títí tí gbogbo rẹ̀ á fi tẹ́jú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣe é, irin ń dín. Lẹ́yìn ìgbà bíi mélòó kan, etí aago tó mú tẹ́lẹ̀ á di roboto, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tín-ín-rín, ihò tí ìṣó ń wọ̀ á sì súnmọ́ etí. Àṣejù baba àṣetẹ́. Àwọn tó ń kó aago àtijọ́ jọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń san owó tó pọ̀ lórí èyí tó ha ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan irin rẹ̀, ju èyí tí wọ́n ti dán títí tó ti sọ ìrísí nù. Rolex Daytona tí òṣèré Paul Newman ń wọ̀ tà ní gbàǹjo ní New York ní 2017 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 17 dọ́là. Aago tí wọ́n lò ni, wọn kò tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí.

Bí ìlà wẹ́wẹ́ ìdè ẹ̀wọ̀n bá ń dà yín láàmú jù, aṣọ ìdánrin tí wọ́n ti fi òògùn sí lè dín in kù. Ojú tó ń kọ mànà nìkan ni kí ẹ lò ó fún. Bí ẹ bá fi nu ojú onílà, ẹ ó pa ìlà rẹ̀ rẹ́. Aago tí wọ́n kùn ní dúdú tàbí tí wọ́n fi wúrà bò lójú, ẹ má gbé e sún mọ́ ọn rárá. Ìkun náà ni ẹ ó fi nù kúrò.

Ibi tó ti tẹ̀ wọnú jìn, àwọn onímọ̀ṣẹ́ kan lè fi iná lesa jó irin tuntun mọ́ ọn kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ padà sí ìrísí rẹ̀. Owó ńlá ni, ṣùgbọ́n ó sàn ju gígé gbogbo ara aago lulẹ̀ torí ojú kan lọ.

Ìgbà tí ẹ bá gbé e lọ fún àtúnṣe gbogbogbò ni kí ẹ ṣọ́ra jù. Omega ní kí a máa ṣe é láàárín ọdún 5 sí 8, Rolex ní bí ọdún 10. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, pọ́líìṣì wà nínú owó tí ẹ san, wọ́n á sì ṣe é láìbi yín. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí: wọn kò gbọdọ̀ dán ara rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ojú, ọwọ́ tàbí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ láìkọ́kọ́ béèrè. Ọ̀rọ̀ ẹnu níwájú káńtà kò tó, torí ẹni tó gbọ́ ọ kọ́ ló máa ṣiṣẹ́ náà. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti nọ́ńbà ara rẹ̀ kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Fọ́tò kan náà ni ilé iṣẹ́ ìbánigbófò máa béèrè bí wọ́n bá jí i.