Bí mo ṣe rí ibi tí ajá mi ti lè sáré ní Òṣogbo

₦9,200 bọ́ lọ́wọ́ mi ní Sátidé kan ṣoṣo, Tanímọ̀la ajá mi kò sì fi ẹsẹ̀ kan koríko. Ọlọ́kadà mẹ́ta sá nígbà tí wọ́n rí ajá, ni mo bá gba kẹ̀kẹ́ ní dírọ́ọ̀pù láti Òkè-Fíà lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ kan lẹ́yìn ìlú. Mo ti pè wọ́n láti Ọjọ́bọ̀ o. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní, "Ẹ máa mú un bọ̀, mà, kò sí wàhálà." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbára lé.

Àbúrò mi ti kọ́kọ́ ní kí n kúkú mú un lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, mo kọ̀. Ojúbọ ni, UNESCO sì ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti ọdún 2005. Wọn kì í ṣọdẹ níbẹ̀, wọn kì í pẹja, àwọn ọ̀bọ sì ń rìn láàárín èèyàn láìbẹ̀rù. Tanímọ̀la tó ń lé alángbá títí dé orí ògiri, ta ni yóò dì í mú bó bá rí ọ̀bọ? Àìsàn ajá tún máa ń ran ẹranko igbó. Ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Ní ọgbà yìí, wọ́n gba owó tèmi, wọ́n gba ti ọmọ mi, wọ́n já tíkẹ́ẹ̀tì fún ajá pẹ̀lú. A ò tíì rìn jìnnà tí bàbá kan fi dìde lábẹ́ igi máńgòrò: "Ẹ dúró, mà. Ajá ò wọbí o." Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn án. Ó ní àwọn tó ń tà á ò mọ òfin. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣebí wọ́n rí i pé ajá ni kí wọ́n tó gbowó?" Ó bá ní kí n mú ìwé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi wá. Ọdọọdún ni mo ń gbà á fún un, n kì í fi ṣeré, àmọ́ ilé ni ìwé náà wà. Bàbá ní ká dúró de máníjà.

Wákàtí méjì gbáko! Kò sí ibòji níbi tí wọ́n ní ká dúró sí. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Tanímọ̀la yọ ahọ́n síta, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń gbé èkejì, torí sìmẹ́ńtì gbóná bí agbada àkàrà. Àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo da omi inú ọ̀rá sí kó lè lá a. Àwọn ọmọdé tó ń kọjá ń pariwo "Bíńgò! Bíńgò!" Nígbà tí máníjà dé, kò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò: ajá ò wọlé, owó kì í padà.

Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ ajá kò ṣẹ̀ mí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bẹ̀rù wọn, ajá sì lè géni jẹ. Àmọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára géètì, kí wọ́n má gbowó kí wọ́n tó léni!

Dókítà ẹranko tó ń gún un lábẹ́rẹ́ ni mo padà lọ bi. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo ẹni tó ní ajá ló ń kọjá níwájú rẹ̀. Ó júwe màmá kan tó ní oko kajú lọ́nà Ìlobù, wọ́n mọ ògiri yí i ká. Mo lọ láìmú ajá dání, mo kúnlẹ̀ kí màmá, mo sì mú ìwé abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n bi mí bóyá ó ń géni jẹ àti bóyá màá kó ìgbẹ́ rẹ̀. ₦500 ni wọ́n ní kí n máa san.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la máa ń débẹ̀ báyìí, kí oòrùn tó mú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo tú okùn ọrùn rẹ̀, ó kọ́kọ́ wò mí lójú, àfi fìrì! Èmi ni mo wá a rí fún un o! Nígbà tí a délé, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan mi, mo yọ eégbọn mẹ́rin láàárín ọmọ ìka rẹ̀. Ó ti sùn lọ kí n tó yọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta.