Bí mo ṣe ṣàlàyé ohun tí kọ̀ǹpútà kò lè ṣe fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi

Fóònù mi ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ni, nílé wa ní Èbúté Mẹ́tta. Ó kàn ń pòòyì, kò ṣí, kò kú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 11, wò ó títí, ó ní: "Àǹtí, ṣé kò sí áàpù tó lè sọ fún wa bóyá eléyìí máa parí àbí á kàn máa yí lọ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ wo ìbéèrè! Irú ẹ̀ ni Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dáhùn lọ́dún 1936, kí irú kọ̀ǹpútà tí à ń lò yìí tó dáyé.

Mo kọ́kọ́ ṣi ẹsẹ̀ gbé. Mo ní iṣẹ́ kan wà tó ju agbára kọ̀ǹpútà lọ. Ó ní: "Ẹ jẹ́ ká ra èyí tó lágbára jù ú lọ nígbà náà." Ó jàre mi. Ọ̀rọ̀ agbára kọ́ rárá.

Ni mo bá mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ 6 sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bálíkónì. Bí nọ́ńbà bá ṣeé pín sí méjì, pín in. Bí kò bá ṣeé pín, sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, kí o fi ẹyọ kan kún un. Bó bá kan 1, dúró. 6, 3, 10, 5, 16, 8, 4, 2, 1. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò le. Mo ní kó gbìyànjú 27. Nígbà tó fi dé 484, ìka rẹ̀ ti funfun bí ìka ẹni tó ń ku èlùbọ́. "Àǹtí, ṣé èyí máa tán ṣá?"

Ó máa tán, ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ 111 ni, yóò sì gun 9232 kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ṣé gbogbo nọ́ńbà ló máa kan 1? Títí dòní, kò sẹ́ni tó fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ti Turing tún le ju ìyẹn lọ: òun fi hàn pé áàpù tí ọmọ yìí ń wá kò lè sí láéláé.

Mo ní kó wá ṣe wòlíì, bí áàpù tó ń wá yẹn. Kó sọ bóyá màá dúró àbí màá máa rìn yí bálíkónì ká. Èmi ní tèmi, alágídí ni mí.

"Ẹ máa dúró." Mo ń rìn lọ.

"Ó dáa, ẹ máa rìn." Mo dúró gbagidi.

"Òjóró ni!"

Kì í ṣe òjóró. Èèyàn lè kọ ètò kọ̀ǹpútà alágídí bíi tèmi, tó máa bi áàpù náà bóyá ètò náà fúnra rẹ̀ máa dúró, tó sì máa ṣe òdìkejì ohun tó bá gbọ́.

"Tí mi ò bá wá sọ nǹkan kan ńkọ́?"

"A jẹ́ pé o ò dáhùn nìyẹn."

"Màá pe wòlíì tó jù mí lọ."

"Èmi náà á ṣe òdìkejì tiẹ̀."

Ó ronú díẹ̀. Ó ní ṣebí a mọ̀ pé 6 máa dúró. Bẹ́ẹ̀ ni o, àwọn kan wà tí a lè mọ̀. Áàpù kan ṣoṣo tí kò ní ṣì í lórí gbogbo ètò ni kò sí.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, fóònù mi kú fin-ín.

"Ó ti dúró!"

"Ìyẹn ò kà," mo ní. "Bátìrì ló tán."

Ó ti tún gbé ṣọ́ọ̀kì, ó ń wá ibi tó ṣì mọ́ láti kọ nọ́ńbà tuntun.