Májèlé Eku àti Ajá Jack Russell: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá tẹ́ríà Jack Russell ní oko tàbí ní ilé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ sì tún ń fi májèlé pa eku. Bí a ṣe ń bọ́ ajá kò ṣàjèjì sí yín, a kò ní fi ìyẹn dí yín lọ́wọ́.

Ọwọ́ Àlùfáà John Russell, ọmọ Devon tí wọ́n bí ní 1795, ni ìran ajá yìí ti wá. Ní 1819, nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Oxford, ó ra abo ajá kan tó ń jẹ́ Trump lọ́wọ́ oníwàrà. Ajá tí yóò wọ ihò lọ lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jáde ni ó ń wá, ìdí nìyẹn tí ara Jack Russell fi kéré: gíga rẹ̀ dé èjìká jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kílò 5 sí 6. Àwọn àgbẹ̀ sọ ọ́ di apẹku inú abà. Bí ó bá ti gbóòórùn eku, kò ní í gbọ́ ìpè yín mọ́. Ẹ má ṣe tan ara yín.

Májèlé bíi bromadiolone àti brodifacoum kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Eku tó jẹ ẹ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀. Á máa rìn gbéregbère fún ọjọ́ mélòó kan, ajá á sì pa á jẹ láìṣe wàhálà. Lára ajá náà, ó máa ń tó ọjọ́ 3 sí 5 kí àmì tó yọ. Àṣìṣe tí à ń rí léraléra ni pé onílé á wo ajá rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, á rí i tó ń ju ìrù, á sì gbà pé ewu ti kọjá. Kò kọjá. Nígbà tí èrìgì rẹ̀ bá funfun, tí ó ń wúkọ́, tí ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀jẹ̀ ti lè kún inú àyà rẹ̀.

Bí ajá bá jẹ májèlé tàbí eku tó jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran láàárín wákàtí 2, kí wọ́n lè mú un bì, kí ẹ sì mú páálí májèlé náà dání. Bí wákàtí náà bá ti kọjá, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ má ṣe da epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì fún un ní iyọ̀; epo kì í wẹ májèlé yìí, iyọ̀ fúnra rẹ̀ sì lè pa á. Fítámì K1, tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tún lè dì, ni dókítà yóò fún un, ó sábà máa ń jẹ́ mìlígíráàmù 2.5 sí 5 fún kílò kan lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4. Ẹ má ṣe dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ kejì nítorí pé ara ajá ti yá. Wọn yóò tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò ní wákàtí 48 sí 72 lẹ́yìn oògùn ìkẹyìn.

Níbi tí ajá yìí bá ti ń ṣọdẹ, pàkúté ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá ní dandan májèlé ni, inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kí ó wà, kí ẹ sì máa fi ìbọ̀wọ́ ṣa òkú eku láràárọ̀. Pàkúté kò sì ní kí ẹ má gba abẹ́rẹ́ àjẹsára leptospirosis fún un, nítorí ìtọ̀ eku ló ń gbé àrùn náà: abẹ́rẹ́ 2, ọ̀sẹ̀ 4 láàárín wọn, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún.