Ẹ Má Pa Ìlà xmlns Rẹ́ Nínú Fáìlì Oko Yín

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹni tó bá ti gbé fóònù dání rìn yí oko kòkó rẹ̀ ká láti wọn ààlà, ó ṣeé ṣe kí fáìlì GPX, ìyẹn fáìlì tí fóònù ń kọ ipa tí a rìn sí, ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń bá yín tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà ni ìwé yìí wà fún jù.

Ẹ fi Notepad ṣí i. Lókè, ẹ ó rí èyí:

xmlns="http://www.topografix.com/GPX/1/1"

Orúkọ agbolé nìyẹn. Bí Àkàndé méjì bá wà lábúlé, a ó bèèrè pé ti agbolé wo? Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bèèrè nípa àwọn ọmọ inú fáìlì nìyẹn, bíi name (orúkọ) àti trkpt (ojú ibi kan lórí ipa tí ẹ rìn). Ó jọ àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í torí rẹ̀ lọ síbẹ̀; lẹ́tà ló ń fi wé lẹ́tà. Ẹni tó bá kọ gpx dípò GPX nínú rẹ̀ ti mú ọmọ lọ agbolé ẹlòmíràn.

Ìlà kan yìí tó fún gbogbo ọmọ inú fáìlì. Wọ́n ń jogún rẹ̀ ni. Àmọ́ bí ẹ bá fi ìnagijẹ sí i, bíi xmlns:g, tí gpx wá di g:gpx, ẹ kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀: trk (ipa tí ẹ rìn), trkseg (apá kan ipa náà) àti trkpt náà gbọ́dọ̀ gba g:. Ìdí ni pé schema GPX, ìwé òfin tí a fi ń yẹ fáìlì wò, sọ pé elementFormDefault="qualified". Ìwé òfin tí kò bá sọ nǹkan kan, unqualified ló jẹ́: àwọn tó dá dúró nínú rẹ̀ nìkan ló ń jẹ́ orúkọ agbolé, àwọn tí a kọ sínú ẹlòmíràn kì í jẹ́ ẹ. Lat àti lon, àwọn nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí trkpt wà, ní tiwọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Attribute ni wọ́n, ìyẹn àlàyé tí a kọ mọ́ ara trkpt fúnra rẹ̀, wọn kì í jogún, òfin kò sì fẹ́ g: níwájú wọn.

Orúkọ àgbẹ̀ ni ibi tó ń dùn mí jù. Name ti GPX, orúkọ ipa tí ẹ rìn ni. Mo ti rí ẹni tó fi name kejì, tí kò ní orúkọ agbolé mìíràn, sínú extensions (àyè àfikún), tí ẹ̀rọ kò sì gba fáìlì náà. Àlejò láti agbolé mìíràn nìkan ni extensions ń gbà:

<trk>
  <name>Oko Etídò</name>
  <extensions>
    <egbe:name xmlns:egbe="http://example.org/egbe">Àkàndé</egbe:name>
  </extensions>
  <trkseg>

Ẹ wò ó dáadáa: extensions ló ṣáájú trkseg. Ẹ fi orúkọ tí ẹgbẹ́ yín bá yàn rọ́pò example.org, kí gbogbo yín sì máa lo ọ̀kan náà. UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà, ni kí ẹ fi pa á mọ́, kí àmì ohùn má bàa bàjẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ṣe ẹ̀dà kan pa mọ́. Rírìn yí oko ká lẹ́ẹ̀kejì nínú ẹrẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.