Bí a ṣe lè yọ nǹkan tó já sínú táǹkì jẹnẹrétọ̀

Alẹ́ ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Muṣin. Iná ti lọ, ẹnì kan ń bu epo nínú òkùnkùn, ọ̀rá tí wọ́n fi dí ẹnu kẹ́ẹ̀gì sì bá epo wọlé. Nígbà mìíràn, nọ́ọ̀tì ni, tàbí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ má tíì fa okùn jẹnẹrétọ̀ o. Ẹ ti táàpù epo, ẹ yọ orí pulọ́ọ̀gì, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ wá gbé e jáde sí gbangba. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Ilẹ̀ ló máa ń rá mọ́, ó sì lè gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń dáná. Fún ìdí èyí, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ jẹ́ kó di àárọ̀. Ẹ má tan àbẹ́là wò ó.

Bó bá jẹ́ irin, òòfà olọ́wọ́ gígùn tí àwọn mẹkáníìkì ń lò yóò mú un. Ẹ máa rí i rà ní ọjà Ládípọ̀. Tí táǹkì bá jẹ́ onírin, òòfà yóò máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ẹ tì í bọ inú rọ́bà kí orí rẹ̀ nìkan yọ díẹ̀. Tí táǹkì bá jẹ́ oníke, ẹ lè gbé òòfà sí ìta, kí ẹ rọra fi wọ́ nǹkan náà gòkè dé ẹnu táǹkì. Ṣùgbọ́n òòfà kì í mú idẹ, idẹ sì ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ àgádágodo.

Ọ̀rá ló le jù. Ó máa ń bo ojú ihò tí epo ń gbà jáde: jẹnẹ á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á kú, bó bá sinmi tán, á tún dìde. Àwọn èèyàn á sọ pé kabúrétọ̀ ló bàjẹ́, wọ́n á sì náwó lé e lásán.

Bó bá jẹ́ ọ̀rá tàbí idẹ, ẹ ní láti gbọ́n epo inú táǹkì tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu fà á. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n epo tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pààyàn. Ẹni tó bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì mú un bì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ tú rọ́bà epo kúrò lára kabúrétọ̀, ẹ fi sẹ́nu kẹ́ẹ̀gì tó wà nílẹ̀, kí ẹ ṣí táàpù. Bí ọ̀rá bá dí i, ẹ fi rọ́bà oníkùn tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ fa epo náà gba ẹnu táǹkì.

Ẹ wá tú bóòtì táǹkì, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ mì ín títí nǹkan náà yóò fi jáde. Bó bá jẹ́ ọ̀rá, ẹ fi epo díẹ̀ ṣàn án, kí ẹ sẹ́ ẹ gba inú aṣọ funfun, títí ẹ ò fi ní rí ègé kankan mọ́. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ẹ má sì da epo náà sí gọ́tà.

Tí ẹ bá dì í padà, ẹ wò ó bóyá epo ń jò kí ẹ tó fa okùn. Asẹ́ kékeré ẹnu táǹkì, tí ọ̀pọ̀ ti yọ sọnù kí epo lè yára wọlé, ẹ dá a padà; bí kò bá sí mọ́, ẹ ra òmíràn kí ẹ tó bu epo sí i.