Ẹ wo ẹ̀yìn kámẹ́rà kí ẹ tó sanwó: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí kámẹ́rà àtijọ́ onífíìmù ńlá

Ẹ̀yin onífọ́tò Kábà, Ìsánlú àti Mọ̀pà tí ẹ ń wá kámẹ́rà àtijọ́ láti ya òkè àti odò, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ṣáá. Ó ti sú mi. Ìdáhùn mi wà nísàlẹ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n, 4x5 ni kí n rà àbí 8x10?
4x5. Iye ínǹṣì fíìmù ni àwọn nọ́ńbà yìí. Fíìmù 8x10 kan tó 4x5 mẹ́rin, ìnáwó rẹ̀ náà ń tẹ̀lé e. Ẹ gbé èyí tí apá yín ká gun Òkè Pátì ná.

Dígí ẹ̀yìn, níbi tí a ti ń wo àwòrán, ṣókùnkùn, mi ò rí nǹkan kan.
Ẹ ṣí ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ẹ ṣí ihò lẹ́ǹsì dé òpin. Ẹ faṣọ dúdú borí.

Àwòrán dorí kodò.
Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Speed Graphic ni wọ́n fẹ́ tà fún mi. Ṣé ó dáa?
Ó dáa, àmọ́ Crown Graphic lèmi yóò mú. Graflex ní Amẹ́ríkà ló ṣe méjèèjì. Crown, tó jáde ní 1947, kò ní ṣọ́tà aṣọ tó wà lẹ́yìn Speed, ó sì fúyẹ́ jù ú lọ. Iwájú wọn ṣeé gbé sókè kí ṣóńṣó òkè má baà gé, àmọ́ ẹ̀yìn wọn kì í yí. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń yí, kó wá Linhof Technika ará Jámánì, kó sì múra owó. Ní ti lẹ́ǹsì, 150mm tó fún 4x5. 90mm lẹ óò lò tí ẹ bá fẹ́ gba Odò Ọya àti Bẹ́núé pọ̀ ní Lọ́kọ́ja.

Ìmọ́lẹ̀ ń já wọ fíìmù mi.
Ẹwìrì rẹ̀, awọ kíká tó wà láàárín lẹ́ǹsì àti ẹ̀yìn, ti lu, níbi tó ti ń ká ló sábà máa ń lu. Ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ihò kan tàbí méjì, ẹ fi gọ́ọ̀mù dúdú dí i. Bó bá tàn bí ojú ọ̀run alẹ́, ẹ má rà á.

Ṣọ́tà ń falẹ̀ tí mo bá lo ìṣẹ́jú-àáyá kan.
Ọ̀rá inú rẹ̀ ti gan. Ẹ má tú u, ẹ má kan òróró sí i, ẹ má sì gbé e fún oníṣẹ́ aago ọjà kankan! Ẹni tó mọ ṣọ́tà Compur àti Copal dénú ni kí ẹ wá. Kí ẹ tó rí i, ẹ fi ṣọ́tà sí B, tó máa ń wà ní ṣíṣí níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì máa fi fìlà ṣí lẹ́ǹsì kí ẹ sì fi bò ó.

Koríko ìtòsí já gaara, òkè ń ṣe bàìbàì, bẹ́ẹ̀ òkè ni mo fi fókọ́ọ̀sì sí. Ṣé ọyẹ́ ni?
Ọyẹ́ kọ́. Ọyẹ́ ni gbogbo ayé sọ fún èmi náà nígbà tí kámẹ́rà àlòkù kan fojú mi rí màbo. Lọ́sàn-án gangan, ní f/32, ìyẹn ihò kékeré, àwòrán rẹ̀ kò ní àbùkù. Bí mo bá ṣí ihò dé f/8 láàárọ̀ kùtù, àpáta Ògìdì á wú bí ìkùukùu. Mo pààrọ̀ lẹ́ǹsì, pàbó. Mo so òkúta mọ́ ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gbé kámẹ́rà dúró, pàbó. Koríko ẹsẹ̀ mi ló tú àṣírí: ká ní kámẹ́rà ló ń mì, koríko náà kò ní já gaara.

Mo bá tú ẹ̀yìn. Ó yẹ kí ike pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní Fresnel wà láàárín dígí àti lẹ́ǹsì, kó máa tan ìmọ́lẹ̀ dé igun. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti yọ ọ́, ó dá dígí padà láìfi nǹkan kan rọ́pò. Dígí sún mọ́ lẹ́ǹsì, fíìmù dúró síbi tó wà. Ohun tí mo ń rí kọ́ ni fíìmù ń gbà. Ihò kékeré bò ó mọ́lẹ̀, ihò ńlá wá tú u síta.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Ẹ yọ férémù dígí, ẹ fi rúlà dábùú ojú rẹ̀, ẹ ti igi ìtayín kan dígí, ẹ sàmì sí i. Ẹ ṣe bákan náà lórí họ́dà, ohun tó ń di fíìmù mú, tí fíìmù àlòkù wà nínú rẹ̀. Àmì méjèèjì, bíi 5mm, gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ti dígí bá kúrú, ẹ fi páálí tín-ínrín sábẹ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí yóò fi bá a dọ́gba. Ojú tó rí ṣákiṣàki ni kó kọjú sí lẹ́ǹsì. Iṣẹ́ yìí kò nílò ọ̀gá kankan.

Ta ló wá ń fa bàìbàì oṣù kìíní?
Ìyẹn ọyẹ́ ni. Fìítà kò lè gé eruku. Ẹ dúró di ìgbà òjò.